Opó Tó Wá Gbọ́ Ìyanu

Nínú àgọ́ ìwòran kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, òṣèré kan fi eyín yọ igi ìṣáná kan, ó ṣá a, ó sì fi tan sìgá tó ti fi ètè wé. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Àwọn ará Indiana tó kún inú àgọ́ pariwo, wọ́n sì rọ́ jáde lọ sídìí gúgúrú láìkí i.

Opó afọ́jú kan nìkan ló kù.

"Mo sanwó kí n wá gbọ́ ìyanu," ló wí. "Ẹ wáá ní ọkùnrin tan sìgá! Ojoojúmọ́ lọkọ mi ń tan tiẹ̀, ẹnì kan ò pàtẹ́wọ́ fún un rí."

Òṣèré náà rẹ́rìn-ín. "Ọkọ yín ò rí ẹni polówó rẹ̀ ni."

Pruitt tó ń polówó àgọ́ la ẹnu. "Màmá, ṣé wọn ò sọ fún yín pé..."

Òṣèré mi orí fún un kíkankíkan. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Pruitt panu mọ́.

"Ohùn yín dùn," ni opó náà wí fún òṣèré náà. " Èmi ni Hulda. Ẹ jẹ́ ká bọwọ́."

Obìnrin náà nawọ́. Òṣèré wo ọwọ́ náà. Kò fẹ́ sọ òótọ́, kò sì rí irọ́ pa.

Nígbà tó ṣe, obìnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Háà! Ọwọ́ yín mà wọ́n o, ọ̀gá." Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà jáde.

"Má bínú sí i," ni Pruitt wí.

Òṣèré náà rọra ń tún ọ̀rọ̀ Hulda sọ, bí ẹni tó gbẹ̀bùn: "Ọwọ́ mi wọ́n."