Àmín Àlàájà Ràfíátù

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Fáòsíà, alámùúlégbè Àlàájà Ràfíátù nídìí aṣọ títà ní ọjà Makola ní Accra, ti ń ṣàdúrà fún un láràárọ̀.

Á rẹ́rìn-ín, á ní: "Àlàájà, ẹ ó pẹ́ láyé o!"

Àlàájà á tẹ́wọ́ gbà á: "Àmín! Tìẹ á ju tèmi lọ!"

Fáòsíà á fajú ro. Àlàájà á rò pé ojú ló ń tì í.

Etí Àlàájà kò dí tán. Ó ń gbọ́ ohùn tó rinlẹ̀. Èyí tó tín-ín-rín ni kì í wọlé.

Ni àwọn dókítà bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí. Apá kan ń gbé ohùn ńlá sókè, apá kejì ń fi iná mànàmáná ta ohùn tín-ín-rín wọnú etí.

Òwúrọ̀ yìí ni wọ́n tan án.

Àlàájà gbọ́ ohùn ẹyẹ! Ó ra kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, ó di ọ̀dọ̀ Fáòsíà. Àdúrà yẹn ló fẹ́ fi etí tuntun gbọ́.

Fáòsíà rẹ́rìn-ín: "Àlàájà, ẹ ó tẹ́ láyé o!"

Kẹ́ńkè bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà.

Tẹ́ kẹ̀?

Abájọ tó fi máa ń fajú ro!

Àlàájà ṣa kẹ́ńkè rẹ̀ nílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́wọ́ méjèèjì.

"Àmín, Fáòsíà. Tìẹ á ju tèmi lọ."