Japheth Tó Ń Fi Ojú Wọn Ìwin

Ìwà mo-mọ̀-ọ́n-tán ló ba Japheth jẹ́. Kì í ṣe òpònú, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, kò sì ya ọ̀lẹ nídìí iṣẹ́ tíṣà tó ń ṣe. Àmọ́ bó bá ti wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó parí, kò sẹ́ni tó lè ní kó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tuntun tó bá dara pọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a ti ń ṣeré, nínú pálọ̀ Bàbá Adéníyì, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọ̀sán Sátidé tí a bá ti kúrò níbi ìpàdé akọrin. Eré ìtàn ni. Oníkálukú ní akọni tirẹ̀, tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú tákàdá kan. Bàbá ń pìtàn ìrìn àjò àwọn akọni, àwa ń da dáìsì láti mọ̀ bóyá idà wa ba ọ̀tá tàbí kò bà á. Àwọn ìwin tí à ń bá pàdé lọ́nà, àwa fúnra wa là ń ro wọ́n. Ìwin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà líle tirẹ̀, láti oókan dé ẹẹ́wàá, kí akọni lè mọ èyí tí òun lè dojú kọ àti èyí tó yẹ kí òun sá fún.

Japheth ni olùwọ̀n, òun ló ń kọ nọ́ńbà náà. Ìlànà wa ni pé kó tó kọ ọ́, kó kọ́kọ́ fi akọni àyálò mẹ́rin bá ìwin náà jà lẹ́ẹ̀mẹta. Wàhálà ni, ó máa ń gba odindi ọ̀sán. Japheth ṣe é fún ọdún kan, ó sú u. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọ̀n wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Mojọlá ro ìwin kékeré kan tó ń gbé inú kòtò omi. Máàkì ẹ̀mí rẹ̀ kò ju méje lọ, èékánná rẹ̀ kò mú. Ṣùgbọ́n bó bá ké, ẹni tó bá gbọ́ igbe rẹ̀ á gan síbẹ̀, kò ní lè mira títí dáìsì yóò fi yípo tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta.

Japheth wo tákàdá náà fìrí. "Ẹ̀mí méje? Idà ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa pa á. Oókan ni."

"Bọ̀ọ̀dá Japheth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ná," ni Mojọlá wí. "Igbe yẹn ń bà mí lẹ́rù."

"Ta ló ń wọn ìwin níbí, èmi àbí ìwọ? Gbé e wá jàre."

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Japheth mọ òwe yìí dáadáa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Síbẹ̀ oókan ló kọ.

Olúwakẹ́mi wà láàrin wa. Babátúndé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ro tafàtafà tó fi ń ṣeré, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó wà nínú tákàdá náà kó tó kú. Bí akọni bá sì kú ní tábìlì wa, yíya là ń ya tákàdá rẹ̀. Nítorí náà, Kẹ́mi kì í fi tafàtafà yẹn wewu rárá. Bí nọ́ńbà ìwin bá ti lé ní mẹ́rin, á sá. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Sátidé tó tẹ̀lé e, a dé ibi kòtò omi.

"Bàbá, nọ́ńbà ẹ̀ ńkọ́?" ni Kẹ́mi bèèrè.

"Oókan."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Japheth ni."

Kẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwa tó kù sinmi, òun nìkan á wọlé. Ìwin náà ké. Kẹ́mi gan sínú kòtò, àwa gan sí ẹnu ọ̀nà. Ìwin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha á léèékánná díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti kù díẹ̀ kí Kẹ́mi mira, á tún ké. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi jókòó tí a ń wo dáìsì Bàbá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè da tirẹ̀. Báyìí ni tafàtafà Babátúndé ṣe kú.

Òógùn ti bo Japheth. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fagi lé e. Àṣìṣe mi ni. Mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Nígbà tí akọni Esther kú lọ́dún tó kọjá, tó ń sunkún pé ká fagi lé e, kí lo wí?"

Kẹ́mi ló dáhùn. "Bọ̀ọ̀dá Japheth ní òfin lòfin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya á, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí."

Ní tábìlì wa, olùwọ̀n ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya tákàdá akọni tó bá kú. Japheth mú un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Babátúndé nígbà ayé rẹ̀, ó mọ ìkọ̀wé náà. Ó ya á. Àánú Kẹ́mi ṣe mí, inú sì bí mi sí Japheth. Títí dòní ló ṣì ń bí mi.

Kẹ́mi ṣa tákàdá náà sínú báàgì, ó dágbére, kò padà wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Japheth lọ bẹ̀ ẹ́ nílé wọn ní Bẹẹrẹ. Ìyá Kẹ́mi ní ọmọ òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jáde sí i. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bàbá gba iṣẹ́ olùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Mojọlá. Japheth ṣì ń wá. Bó bá dá sí ọ̀rọ̀ ìwin, a ó jẹ́ kó sọ tán, lẹ́yìn náà a ó yíjú sí Mojọlá. Sátidé tó kọjá, ẹni tuntun kan bi í léèrè bí ìwin kan ti le tó. Ó wo tákàdá náà pẹ́, ó dá a padà fún un. "Bi Mojọlá," ló wí.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí nìyí. Ẹni tí wọ́n bá fún níṣẹ́ láti sọ bí ewu ti tó fún ọmọnìkejì rẹ̀, kó má fi ojú wọ̀n ọ́n, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì ti sú ọ, sọ pé ó sú ọ, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Má jókòó tì í kí o máa ṣe é wúruwùru, nítorí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ ni ìyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ.