Ilé Bíríkìlà Tí Wọ́n Kọ "Kò Sí Ìbàjẹ́" Sí

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú rẹ̀. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ ọ́. Ẹ bá mi kà á tán.

1. Ọgbọ̀n ọdún ni bíríkìlà kan fi kọ́lé fún ọmọ aráyé kó tó kọ́ yàrá mẹ́rin tirẹ̀. Kò mọ̀ pé òkúta jíjẹrà ni ilé-iṣẹ́ tó ti ra búlọ́ọ̀kù ń lọ̀ sínú rẹ̀. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀, nígbà tí ìjọba ti lu òǹtẹ̀ pé ó dára? Lọ́dún kẹrin, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti igun fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, ti ìka bọ ojú sísán náà, búlọ́ọ̀kù sì rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé mẹ́tàdínlógún ládùúgbò náà.

2. Ìjọba kéde pé àwọn á tún gbogbo ilé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí onílé kọ orúkọ sílẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ògiri títí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò á fi dé. Bíríkìlà kọ orúkọ. Oṣù mẹ́wàá kọjá, wọn ò yọjú. Ògiri ń sán lọ, wọ́n ń ṣèpàdé lọ.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un wo ògiri náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí ilé tirẹ̀ ń ya, ṣé tòun ló máa le? Ọ̀rọ̀ yìí ká bíríkìlà lára. Lọ́jọ́ kejì ó po sìmẹ́ńtì, ó fi gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ ojú sísán náà pa, ó kun ún ní ọ̀dà funfun. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí ohun tí ìjọba wí.

"Ṣé kí n máa wo ẹ̀sín ara mi níran ni?" lèsì tó fọ̀.

3. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó fi bírò gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbẹ́ ibì kan wò. Ó ní ohun tí ojú òun bá rí lòun máa kọ sí fọ́ọ̀mù. Ló bá kọjú sí ọkọ.

"Ẹ̀yin ni bíríkìlà. Ṣé ògiri yìí ń sán?"

Àwọn aládùúgbò ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà, oníbàárà ọjọ́sí wà láàárín wọn. Kó ṣáà sọ pé òun rẹ́ ẹ pa ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wo ojú wọn.

"Kò fi bẹ́ẹ̀ sán," ó wí.

Òṣìṣẹ́ náà kọ "Kò sí ìbàjẹ́," bíríkìlà sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn láti ẹ̀yìn gíláàsì pé wọ́n ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún wá wò ó. Wọ́n ní kó sún fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

4. Nínú òjò ọ̀sán kan báyìí ni ògiri yàrá iwájú wó lu ìyàwó nídìí máṣínì. Apá rẹ̀ ọ̀tún ni dókítà gé. Ìgbà yẹn ni ìjọba wá mọ ọ̀nà ilé náà. Ọkọ̀ mẹ́ta, oníkámẹ́rà mẹ́rin, mátírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Ọ̀gá wọn ní ó dun àwọn, àmọ́ onílé ló fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó lu òǹtẹ̀ ní nǹkan kan. Ojú ò tì wọ́n.

Ní wọ́ọ̀dù, bíríkìlà kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ, gbogbo àwọn tí ẹ torí wọn purọ́ lọ́jọ́ yẹn, èwo nínú wọn ló wá kí mi?"



Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín. Bí ilé yín bá ń sán, ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín bo àṣírí àwọn tó ta ìràkurà fún yín àti àwọn tó lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: apá obìnrin yẹn wà lọ́rùn yín.