Ìwádìí Ọkọ Bethany

Alàgbà Gbádégẹṣin kì í fi ọ̀rọ̀ ìwádìí ṣeré. Nígbà tí Shiloh, àkọ́bí rẹ̀, mú ọkọ wálé, ó wọ bàálù láti London, ó dé Ọ̀ffà, ó sì wádìí dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń fá orí bàbá ọkùnrin náà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Bethany mú Fergus wá sílé wọn ní Peckham, tí òyìnbó náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé ló mọ ohun tó kàn. Irewọlé, àbúrò Bethany, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè ní Alàgbà Kékeré nítorí ojú bàbá rẹ̀ tó gbé wáyé, fi ọwọ́ bo ẹ̀rín.

Alàgbà bi Fergus ní ìlú rẹ̀. Ó ní Craigdour ni, abúlé kékeré kan ní Scotland tí wọ́n ti ń wa èédú nígbà kan. Alàgbà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í bóyá òtútù ibẹ̀ ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lọ sí Scotland. Ó ní ọgbọ̀n ọdún tí òun fi wa bọ́ọ̀sì ní London ti ba orúnkún òun jẹ́. Fergus wá mú ìwé ìtàn Craigdour wá, èyí tí àwọn ará abúlé fúnra wọn kọ: ọdún tí wọ́n gbẹ́ kòtò èédú àkọ́kọ́, ìlà ilé mẹ́fà tí wọ́n kọ́ yí i ká, àwọn mọ́kànlá tí ilẹ̀ wó pa, ìyanṣẹ́lódì ọdún 1984, àti ọjọ́ tí wọ́n ti kòtò náà pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni Alàgbà fi kà á. Láti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó pe Bethany àti Lọ́lá, ìyàwó rẹ̀, sí pálọ̀.

"Bàbá àgbà Fergus ṣẹ̀wọ̀n," ló wí. "Oṣù mẹ́ta. Ó wà ní page sixty. Wọ́n ń ṣe strike, ó sọ bíríkì lu bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ìdílé ẹlẹ́wọ̀n."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, forty years ago nìyẹn! Wọn ò tíì bí Fergus!"

"Dẹ́rẹ́bà yẹn náà ní ìyá nílé. Ebi ló lé e débẹ̀."

"Ṣé ìwé yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀, Daddy Shiloh?" Lọ́lá bi í.

"Ọ̀rọ̀ mi ti parí."

Bethany sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọdún márùn-ún ló ti ń bá Fergus bọ̀, kò sì jẹ́ lọ sílé ọkọ láìsí àdúrà bàbá rẹ̀ lórí. Ó ṣí ìwé náà kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wà ní ojú ìwé ọgọ́ta lóòótọ́, àmọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló tẹ̀ lé e. Lọ́lá ní ìwé abúlé ni, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ewé rẹ̀ ò lè lágbára.

Bethany pe ìyá àgbà Fergus lórí fóònù, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá àgbà náà ò bínú. Ó ní òótọ́ ni, ọkọ òun ṣẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n kí Daddy ka ojú ìwé tó tẹ̀ lé e kó tó dájọ́. Òun á fi ìwé tòun ránṣẹ́.

Ìwé náà dé ní Sátidé, Alàgbà wà nípàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bethany ṣí i síbi tí ìyá àgbà fi bébà sí. Fọ́tò ló bá níbẹ̀: bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà bo fèrèsé rẹ̀, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ti fọ́, tí dẹ́rẹ́bà ń wo ìta láti ibi tó ti fọ́ náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ń kó àwọn ọ̀dàlẹ̀ gba àárín wa kọjá. A ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbàgbé ojú rẹ̀."

Bethany kọ́kọ́ rò pé Irewọlé ni dẹ́rẹ́bà náà, kó tó rántí pé wọn ò tíì bí Irewọlé lọ́dún 1984.