Ọ̀rọ̀ Tí Apẹja Kò Sọ

Ọ̀gágun Kasem tún fi ìdí ìbọn gbá apẹja náà lẹ́nu, eyín méjì sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"Ògbufọ̀, bi í! Níbo ni wọ́n kó bọ́ǹbù sí?"

"Ẹja ni mò ń pa ní odò Mekong," apẹja ké ní èdè òdìkejì odò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Ọ̀gágun fa ọ̀bẹ yọ. Ara ògbufọ̀ kò gbà á mọ́.

"Ó ti jẹ́wọ́, ọ̀gá," ló fi parọ́. "Inú ihò àpáta lẹ́yìn abúlé wọn ni."

Kíá ni ọ̀gágun sáré lọ tẹ olú-ìlú láago. Ògbufọ̀ ń bu omi sí apẹja lẹ́nu. Bí irọ́ yìí bá lọ dá ogun sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rín ni ọ̀gágun bá wọlé. "O káre! Mínísítà ti rí ohun tó máa kà fáwọn oníròyìn."

"Ṣé ogun máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́! Láti àárọ̀ làwọn bàálù wa ti sọ gbogbo abúlé etí odò lọ́hùn-ún di eérú."

Apẹja di ọwọ́ ògbufọ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ní kí n máa lọ sílé?"