Áńtẹ́nà Tó Ga Ju Ẹgbẹ́ Lọ

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo òrùlé yín pé ó ṣófo.

1. Aránṣọ kan wà lórí òkè, Ohùn-Idẹ ni ìnagijẹ rẹ̀. Òun àti àwọn méjìlá tó ń gbé nísàlẹ̀ òkè ní ẹgbẹ́ tó ń fi rédíò tàkúrọ̀sọ láti ilé dé ilé. Láràárọ̀ Sátidé, ẹnì kan á pe orúkọ gbogbo wọn, wọn á sì máa jẹ́. Ẹni tó ń pè tẹ́lẹ̀ kó lọ, wọ́n ní kí Ohùn-Idẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ogún ọdún ló ti ń retí oyè yìí. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí àga. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ adùn oyè.

2. Ó lọ ra áńtẹ́nà tuntun.

"Èwo ló ga jù?"

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń gbé?" ni ọlọ́jà bi í.

"Mo bi ọ́ ní gíga, o ń bi mí ní àdírẹ́sì!"

"Gígùn yìí, ọ̀kánkán réré ló ń ju ohùn sí. Láti orí òkè, á fo àwọn ará ìsàlẹ̀ dá. Kúkúrú yìí ló máa tú u ká dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Èmi yìí, kúkúrú?"

Ó gbé gígùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dúró, ìyàwó rẹ̀ wò ó títí.

"Baálé mi, ṣé a ó máa sá aṣọ sí i ni?"

Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹni ńlá kì í fèsì.

3. Sátidé pé. Ó wọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ rédíò kì í rí ènìyàn. Ó pe àwọn méjèèjìlá. Kẹ́kẹ́ pa.

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Àlejò kan dáhùn láti ìlú tó jìnnà: "Ta ni yín o? Ohùn yín ń dún bí agogo!" Orí rẹ̀ wú. Wákàtí kan gbáko ló fi bá a sọ̀rọ̀.

Oníbúrẹ́dì, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ara yín yá ṣá? A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ìlú kejì gbọ́ mi kedere!"

"Ẹ kú oríire. Kí ìlú kejì yàn yín. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pè báyìí."

Áńtẹ́nà ti oníbúrẹ́dì kò gùn ju apá lọ. Ojú fèrèsé ló so ó mọ́.

Ohùn-Idẹ kò sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Títí dòní, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ ní Sátidé, wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá.

Ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga bá yín ra áńtẹ́nà. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀ ń gbé, àti àwọn tí ẹ fẹ́ kó gbọ́ yín. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ.