Ìgò Ata Láti Sípéènì

Nọ́ọ̀sì kan fi ọ̀bẹ la páálí tó dé sílé wọn ní Bowie, ní Amẹ́ríkà, lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ìgò ata gígún kan ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà láti ilé oko kan tó ń gba àlejò nílẹ̀ Basque, ní Sípéènì: "Ìyàwó yín gbàgbé ata tó ń bù sí ẹ̀wà pupa wa."

Houston lọkọ rẹ̀ ní iṣẹ́ rán òun lọ. Ó yí ìgò náà padà, ó sì rí ohun tóun fúnra rẹ̀ kọ sí i lára: "Ẹ rọra o, ó ta."

Fóònù dún. Fisáyọ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ata tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́sí ti tán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bu díẹ̀ fún mi, mo tún fẹ́ rìnrìn àjò."